Màámi Fẹ́ Dirí Fún Mi

Màámi jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìkirè, wọ́n ti ya ẹsẹ̀, wọ́n sì ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú ara wọn. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí a ti sin wọ́n. Mo ní ẹ kú ìjókòó, wọ́n ní kí n wá jókòó kí àwọn dirí fún mi.

Wíìgì ló wà lórí mi. Dídì wẹ́wẹ́ ni wọ́n dì í, ó gùn dé ìdí mi, kò sì wúwo. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Láàárọ̀, mo kàn máa ń dé e bí ẹni dé fìlà ni. Kì í fa iwájú orí, kò sì sí pé à ń jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ìdí wá máa roni. Abẹ́ rẹ̀ ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Ọdún kejì tí màámi kú ni irun mi re tán, tí orí mi wá ń dán bí àwo. Wọn kò mọ̀. Irun mi ni wọ́n fi máa ń yangàn ládùúgbò.

“Má jókòó,” wíìgì náà sọ. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. “Sọ fún wọn pé o ti dirí.”

Mo sọ fún wọn pé mo ti dirí.

“Ta ló dì í?” màámi bi mí. “Mi ò rí awọ orí rẹ rárá. Onítọ̀hún ò mọ irun dì. Wá, jẹ́ kí n tú u.”

Mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn. Òórùn àdí ń bọ̀ lára wọn. Ẹ̀rù bà mí.

Èyí tí wọ́n bá tú nínú irun náà á dìde, á sì rìn lọ sójú títì. Bí wọ́n ṣe ń tú u ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń fẹ̀ sí i, títí ó fi di ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ màámi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, gèlè funfun lórí gbogbo wọn, wọ́n ń wò wá. Èmi nìkan ni n kò wé gèlè.

“Ó ku mẹ́ta,” wíìgì náà sọ. “Sáré dìde.”

N kò dìde. Ó ní òun ti ṣe mí lóore tó, mo dá a lóhùn pé òótọ́ ni. Ó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí mi, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin náà, ó sì wo ibòmíràn.

Atẹ́gùn fẹ́ sí mi lórí. Ojú tì mí débi pé mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Màámi fi òòyà gbá mi lọ́wọ́.

“Gbọ́wọ́ kúrò, Àwẹ̀ró. Orí tí mo wẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀ lo wá ń fi pamọ́ fún mi?”

Mo gbọ́wọ́ kúrò. Wọ́n la orí mi sọ́nà mẹ́jọ bí ẹni pé irun wà níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í láti iwájú lọ sí ìpàkọ́. Wọ́n ní kí n gbé orí dúró. Ó ń dùn mí bí irun dídì ṣe máa ń dunni. Mo sunkún, inú mi sì dùn.

Onídìrí kì í da irun tó bá já nù. Ẹni tó ni orí ló máa ń kó o fún, kí onítọ̀hún lọ fi í pamọ́ síbi tó bá wù ú. Nígbà tí màámi dì í tán, wọ́n gbọn òòyà, wọ́n ṣa ohun tó já sórí ẹní, wọ́n ká a rogodo, wọ́n fi í sí mi lọ́wọ́, wọ́n sì pa ìka mi dé.

“Má jẹ́ kó bọ́,” wọ́n ní.

Mo jí. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà ní dídì. Òsì ni mo fi wẹ̀, òsì náà ni mo fi po tíì. Aago mẹ́wàá ti lù báyìí, n kò tíì la ọwọ́ ọ̀tún.