Rọ́bà Inú Bùkárì

Ogún ọdún ni Bùkárì fi ń fi ẹnu fa epo mọ́tò láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú ìgò ní Bantè. Ó máa ń fọ́nnu pé ọ̀fun òun kò mọ̀yàtọ̀ epo àti ẹ̀kọ. Àfi bí ẹni pé ọ̀fun náà gbọ́! Jẹjẹrẹ dé sí i. Ní Kútọnu, wọ́n gé jẹjẹrẹ náà kúrò, àmọ́ ojú ọgbẹ́ súnkì, itọ́ gan-an ń tọrọ àyè kó tó kọjá. Ni wọ́n bá dá ikùn rẹ̀ lu, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Àrọ ni Rakia ìyàwó rẹ̀ fi ń da ògì sí i.

"Ẹ wá kí kẹ́ẹ̀gì," ni Bùkárì ń wí fún àlejò.

Dókítà ti fẹ ọ̀fun tó há náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ kò bá gbé e mì, rọ́bà di tayé nìyẹn." Ṣùgbọ́n omi ti há akọni wa lọ́fun rí. Adìyẹ ló ń mu omi tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sín, rọ́bà fò yọ. Bí wọn kò bá tètè dá a padà, ihò náà yóò dí kí ilẹ̀ tó ṣú. Yẹ́súfù télọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi alùpùpù Bùkárì gbé e, ó di ilé ìwòsàn Savalou. Wọn kò tíì débẹ̀ tí epo fi tán, alùpùpù kú.

"Bùkárì! Ìwọ tó ń ta epo fún gbogbo ayé!"

"Bí mo bá rọ ọ́ fún ara mi, ta ni màá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀?"

Àgbẹ̀ kan tó ń gun alùpùpù bọ̀ gbà láti fún wọn lépo. Kí ni wọn yóò fi fà á? Bùkárì yọ rọ́bà inú rẹ̀ lápò.

Yẹ́súfù sá sẹ́yìn. "Fi ẹnu kàn án? Èmi kọ́!"

"Abẹ́rẹ́ lo mọ̀." Bùkárì ki rọ́bà bọ inú táńkì alùpùpù àgbẹ̀ náà, ó fà. Kó tó rántí irú ọ̀fun tó gbé sọ́rùn, epo ti kún ẹnu, ó ti gbé díẹ̀ mì. Ó dúró gbagidi, ó ń retí ikú.

"Ó lọ," ló wí.

"Kí ló lọ?"

"Epo! Ó sọ̀kalẹ̀!" Ó jó, ó wúkọ́, ó tún jó.

Ní Savalou, Saratou nọ́ọ̀sì gbóòórùn epo lẹ́nu rẹ̀, ó bú u dáadáa. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀ títí kó tó bu omi fún un. Bùkárì gbé e mu. Omi náà dúró láàárín àyà bí àlejò tó ń wojú onílé, lẹ́yìn náà ó wọlé. Ọkùnrin náà sunkún.

Saratou ṣì ki rọ́bà tuntun bọ̀ ọ́. "Ẹ máa mumi. Bí ẹ bá sanra, a ó yọ ọ́."

"Ẹ ṣeun, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ti àtijọ́ yẹn."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Epo tá a fà kò lè gbé wa dé Bantè."