Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n, Kámẹ́rà Tó Gbọ́n

Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, ojú mi kò ṣe nǹkan kan. Mo sọ èyí ní Festac títí ẹnu fi rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Láti ìgbà tí mo ti kó wá láti Ìkìrun, fótò ni mò ń yà. Mo ya ìyàwó, mo ya òkú, mo ya ọmọ ọwọ́ tí kò fẹ́ dákẹ́. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tí òtútù mú, dókítà ní kì í ṣe àìsàn tó ń pani. Lóòótọ́, kò pa mí. Iṣẹ́ mi ló fẹ́ pa.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi lójú ni Dorothy, tó ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Amúwo. Èmi ni mo ya fótò páàsípọ́ọ̀tù tó fi wọ girama nígbà tó wà ní kékeré, èmi náà ni mo sì ń ya ọjọ́ eré ìje ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ọdún tó ti dá a sílẹ̀. Ní ọdún 2005, fótò mi jáde, gbogbo ọmọ dà bí iwin. Ọ̀kan tilẹ̀ ní ojú mẹ́rin. Nígbà tí ọdún yí po, Dorothy wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá Fótò, ẹ má bínú sí mi o. Mo ti bá Jesse sọ̀rọ̀, òun ló máa ya eré ìje íńtáháòsì ọdún yìí. Ẹ̀yin ẹ kàn wá jókòó lábẹ́ kánópì, kẹ́ ẹ máa mu mínírà. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, mà."

Inú bí mi débi pé ọwọ́ òsì náà fẹ́ máa gbọ̀n. Ṣé mo sọ fún un pé ó ti rẹ̀ mí ni? Jesse yìí kan náà, lọ́dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú. Mo ní kí Dorothy jẹ́ kí èmi náà wá ya tèmi lọ́jọ́ náà. Bí tèmi bá tún ṣe bàìbàì, mo máa kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ mi Ìfẹ́dayọ̀, tó ti pẹ́ tó ti fẹ́ sọ ibẹ̀ di ilé kọ̀ǹpútà. Bí ó bá sì dára, iṣẹ́ mi padà sí ọwọ́ mi nìyẹn. Dorothy wo Ìfẹ́dayọ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ìfẹ́dayọ̀ wo ilẹ̀. Dorothy gbà. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu mi, kò ṣe é kó mọ́.

Mo rò pé inú ọmọ mi á dùn. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kejì tó dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú páálí kan lábẹ́ abíyá. Ó ti yà sí ọjà Alábà, ó ti ra kámẹ́rà kan tí kì í lo fíìmù, tí lẹ́nsì rẹ̀ ń nà síwájú bí ọrùn alábahun.

"Mọ́mì, ẹni tó tà á fún mi ní kámẹ́rà yìí gbọ́n."

"Ó ń gbọ̀n? Kí ni mo fẹ́ fi òmíràn tó ń gbọ̀n ṣe?"

"Rárá o! Kámẹ́rà ló gbọ́n, Mọ́mì. Ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwa méjèèjì. Ó wá ṣàlàyé pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń mú àwòrán dúró bí ọwọ́ ẹni bá ń mì.

Èmi kì í gba nǹkan gbọ́ nítorí pé ẹni tó ń tà á yìn ín. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ìyá ọkọ tí kò fẹ́ràn ìyàwó, ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń wá. Kò tóbi tó kámẹ́rà Jesse tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́nsì rẹ̀, kò sì kéré bí èyí tí àwọn ọmọge ń kì bọ inú báàgì. Ibi ìdìmú rẹ̀ jinlẹ̀, ó kún ọwọ́ mi, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n àwọn bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ kéré bí ẹ̀wà, méjì ni àtàǹpàkò mi ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá sì fojú sí ihò ìwòran rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kékeré ni mò ń wò. Mo bú u dáadáa fún ìyẹn.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé wa, mo na lẹ́nsì náà dé òpin, mo sì dojú rẹ̀ kọ obìnrin kan tó ń ṣa ẹ̀wà lókè ilé kan ní òdìkejì kànáàlì. Àwòrán ń jó kiri nínú ihò náà. Mo ní, ó parí. Mo wá tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì. Ohun kan kùn nínú ikùn kámẹ́rà, obìnrin náà sì dúró. Àwo ẹ̀wà rẹ̀ dúró. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tirẹ̀ lọ, àwòrán dúró jẹ́ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí Ìfẹ́dayọ̀ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo rí òdòdó ara ìró obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní purọ́, mo sunkún.

Lẹ́yìn ẹkún, mo padà sídìí ẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń wá, mo sì rí i. Nínú fótò, etí imọ̀ àgbọn tó kọjú sí ojú ọ̀run mú àwọ̀ àlùkò tí kò sí níbẹ̀. Nínú yàrá ní ìrọ̀lẹ́, fótò rẹ̀ ṣe ẹ̀rún-ẹ̀rún bí ìgbà tí gààrí dà sórí aṣọ dúdú. Èyí tó burú jù ni pé ó lọ́ra. Mo fi ya adìẹ tó ń sáré kọjá, ìrù nìkan ló wọlé. Mo ti sọ adìẹ púpọ̀ di ìrù kí n tó mọ̀ pé ńṣe ló yẹ kí n tẹ̀ ẹ́ kí nǹkan náà tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ò sì le fún mi. Ẹni tó ti ń dúró de ẹ̀rín ìyàwó láti ọjọ́ yìí wá ti mọ ìgbà tí ẹnu fẹ́ là.

Ọjọ́ eré ìje pé. Àwọn òbí kún pápá bámú, wọ́n na okùn kí ẹnikẹ́ni má bàa wọ ojú ọ̀nà àwọn ọmọ. Jesse dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó wo ohun tó wà lọ́rùn mi.

"Màmá, kí lèyí? Kò ṣeku, kò ṣẹyẹ."

"Àdán náà ń fò," mo dá a lóhùn, mo sì kọjá lọ.

Ó lọ dúró sí òpin eré gan-an. Èmi gun àtẹ̀gùn lọ sókè ilé kíláàsì, níbi tó jìnnà jù lọ, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Láti ibẹ̀ mo ya àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń yan bíi sójà, mo ya àwọn tó ń fi àpò fò. Gbogbo rẹ̀ ń wọlé. Orí mi ti ń wú nígbà tí iná kámẹ́rà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, tó sì kú pátápátá. Bátìrì ti tán.

Ó ku eré kan péré, èyí tí gbogbo òbí ń dúró dè, tí àwọn ọmọ ti ń fi igi lé ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti ń tò. Bátìrì tuntun wà lápò mi, mẹ́rin, kéékèèké, àyè wọn sì há. Ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sẹ́nu àtẹ̀gùn. Mo lé e bá. Èkejì kọ̀, kò wọlé, ọwọ́ mi ń ti í kọjá ihò rẹ̀. Mo gbọ́ fèrè, eré ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ní ọjọ́ náà, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí ilé kọ̀ǹpútà Ìfẹ́dayọ̀ lójú mi kedere. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi orúnkún méjèèjì há kámẹ́rà náà, mo fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, mo sì kì wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdérí dún pá.

Nígbà tí mo fi dìde, ọmọ tó kẹ́yìn ti gba igi. Ṣìmí lorúkọ rẹ̀, ọmọdébìnrin tín-ínrín kan láti ilé aláwọ̀ ìyeyè. Igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà gbé e, ó sì fi eré lé àwọn yòókù. Gbogbo pápá hó. Àwọn òbí já okùn, wọ́n ya bo òpin eré, mo rí orí Jesse tó rì sáàárín gèlè. Kò sí gèlè lójú tèmi lókè. Mo fi lẹ́nsì fa Ṣìmí mọ́ra títí ó fi kún inú ihò náà, mo tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, ó dúró. Mo dúró dè é. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gbéra fún ìṣísẹ̀ ìkẹyìn, mo tẹ̀ ẹ́.

Ní ọ́fíìsì Dorothy, a gbé fótò sórí kọ̀ǹpútà. Jesse kọ́kọ́ fi tirẹ̀ hàn: ẹ̀yìn orí èèyàn, ẹ̀yìn orí èèyàn, apá bàbá kan. Tèmi wá yọ. Àyà Ṣìmí ti kan okùn ìparí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó di igi náà mọ́ra bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn iwájú orí rẹ̀ hàn. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi òwú rán sí àyà aṣọ rẹ̀ ṣe é kà.

"Màmá," Jesse wí, "ta ló bá yín di kámẹ́rà mú?"

"Ọwọ́ mi ni. Àwọn méjèèjì."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ọ́fíìsì. Dorothy sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ń wo ọmọ inú fótò náà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Màmá Fótò, mo ṣẹ̀ yín. Tiyín niṣẹ́ yìí, títí ẹ̀yin fúnra yín á fi sọ pé ó tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya èmi náà, kí n gbé e kọ́ síbí."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kọrin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́. Mo ní kó jókòó, kó gbé àgbọ̀n sókè. Ẹkún àti ẹ̀rín ti dà pọ̀ mọ́ ọn lára, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì.

"Dorothy," mo wí, "má mira. O máa ba fótò mi jẹ́."