Rípọ́ọ̀tù Kẹjọ

"Ẹ má tẹ séèfù o, Àǹtí Moríkẹ́," ni Rhoda wí, ó sì na ọwọ́ bo ojú tábúlẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń lé eṣinṣin kúrò lórí ẹja.

Moríkẹ́ wo ọwọ́ náà, ó wo èékánná pupa orí rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí èbúté Òde Ugbò yìí. Oṣù mẹ́jọ péré ni Rhoda ti dé láti Àkúrẹ́. Òun ló wá ń sọ ohun tí àgbà yóò tẹ̀ àti èyí tí kò ní tẹ̀.

Orúkọ àwọn ọmọ abúlé Awóyè tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wà lójú ẹ̀rọ. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n nínú ìwé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé tí àwọn ará Àkúrẹ́ tó ṣe áàpù inú ẹ̀rọ náà ti tún un ṣe, méjìdínlógún péré ló ṣeé kà. Àwọn mẹ́tàlélógún yòókù ti di àpótí kéékèèké, àmì ìbéèrè àti oríṣi nǹkan mìíràn, bí ẹni pé akàn ki ẹsẹ̀ bọ yíǹkì, ó sì rìn kọjá lórí wọn. Áàpù yìí kan náà ló ń sọ iye abẹ́rẹ́ tí wọn yóò kó sínú kúlà. Bí orúkọ wọ̀nyí kò bá padà bọ̀ sípò, ti ọmọ méjìdínlógún nìkan ni ọkọ̀ máa gbé lọ sí Awóyè lọ́jọ́ Ẹtì.

Moríkẹ́ ti fẹ́ tún àwọn orúkọ náà tẹ̀ láti inú ìwé. Rhoda ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí orúkọ gidi ṣì wà lábẹ́ ìdọ̀tí yẹn, pé ẹni tó bá tẹ séèfù ti sin ín nìyẹn. Kí wọ́n ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ bó ṣe rí, kí wọ́n bo orúkọ ọmọ àti nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń ṣe kó tó bàjẹ́, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe áàpù náà.

Ọ̀rọ̀ náà dáa. Ìyẹn gan-an ló ń dun Moríkẹ́. Ká ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, ìbá fi rẹ́rìn-ín.

Bàbá Sunday, olórí àwọn tó ń tọ́jú ìwé, máa fẹ̀yìn tì lópin oṣù. Métírọ́ọ̀nù Olówòkéré sì ti sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé ẹni tó bá ń rí ìṣòro áàpù, tó sì ń fi tó àwọn ará Àkúrẹ́ létí, ni yóò jókòó sórí àga bàbá náà. Rhoda ti fi rípọ́ọ̀tù mẹ́ta ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Pọ́ọ̀lù, ẹlẹ́rọ wọn, sì pè é. Moríkẹ́ ti fi méje ránṣẹ́. Lẹ́ẹ̀méjèèje ni tábúlẹ́ẹ̀tì dá a lóhùn pé "A ti gbà á, ẹ ṣeun." Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ sín.

Moríkẹ́ ti mọ ìdí rẹ̀. Nǹkan ń bẹ láàárín Pọ́ọ̀lù àti ọmọbìnrin yìí. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nílé, ọkọ rẹ̀ ní kó jẹ́ kí òun jẹ pupuru òun tán. Ṣùgbọ́n owú kò mọ èbúté, ibi tó bá rí ló ń gúnlẹ̀ sí. Bí Rhoda bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù, Moríkẹ́ á ka iye ìgbà tó rẹ́rìn-ín.

Rhoda fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ rípọ́ọ̀tù sínú ìwé rẹ̀, ó fi í sórí tábìlì, ó lọ wọn ọmọ kan tó ń ké. Moríkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wọlé sórí tábúlẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, tó fi gbogbo àmì ohùn rẹ̀ sí, nítorí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ìjọ kì í fojúure wo ẹni tó bá kọ orúkọ ọmọ òun ní ìhòòhò. Ó da rípọ́ọ̀tù Rhoda kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rìn lọ sí ìkángun afárá pákó, níbi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń dé, ó gbé ẹ̀rọ sókè bí ẹni tó ń fi ọmọ han ọ̀run, ó fi ránṣẹ́. "A ti gbà á, ẹ ṣeun." Orin ló ń kọ padà bọ̀.

Lẹ́yìn wákàtí kan, Rhoda lọ fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Kò tíì kúrò ní ìkángun afárá nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Métírọ́ọ̀nù. Moríkẹ́ ní ojúsàájú ni, ó sì ní ó nídìí kan tí òun kò fẹ́ fẹnu òun sọ. Métírọ́ọ̀nù kò jiyàn. Ó kó àwọn méjèèjì lọ sí ìkángun afárá, ó ní kí Rhoda pe Pọ́ọ̀lù padà, kí gbogbo wọn gbọ́.

Ohùn tó jáde láti inú fóònù jẹ́ ti arúgbó tó ń húkọ́. Ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun gba eyín àtọwọ́dá òun lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ òun. Moríkẹ́ wo Rhoda. Rhoda ń wo omi.

"Ìyáàfin," ni Pọ́ọ̀lù wí nígbà tí eyín ti padà, tí Métírọ́ọ̀nù sì ti bi í nípa rípọ́ọ̀tù Moríkẹ́, "mi ò tíì rí rípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo látọ̀dọ̀ yín rí."

Métírọ́ọ̀nù yíjú sí Moríkẹ́ wẹ́rẹ́. "Méje lo sọ fún mi."

Moríkẹ́ búra. Pọ́ọ̀lù ń bá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Awóyè lọ. Ó ní òun ti wá ìdí rẹ̀ tì, áàpù náà kò fẹjọ́ kankan sùn lọ́dọ̀ àwọn, ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ká ní rípọ́ọ̀tù méjì wà tí ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba, tí ọ̀kan dé tí èkejì sọnù, òun ìbá mọ ibi tí nǹkan ti ń já sómi kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Rhoda ní kò sí irú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bi Moríkẹ́. Bó bá dákẹ́, ẹ̀bi tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọn á pè é, ó sì lè ṣì jókòó sórí àga yẹn.

"Ó wà," ló wí.

"Kí ló wà?" ni Métírọ́ọ̀nù bi í.

"Mo da ti Rhoda kọ, mà. Gbogbo rẹ̀. Témi lọ ní aago mẹ́wàá, tirẹ̀ lọ ní mọ́kànlá."

Pọ́ọ̀lù kò gbọ́ ìtìjú, ayọ̀ nìkan ló gbọ́. Ó bi í ní kíákíá pé kí ló yàtọ̀ nínú méjèèjì. Moríkẹ́ ní kò sí, àfi orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Pọ́ọ̀lù ní kó sọ bó ṣe kọ orúkọ náà, àmì àti gbogbo rẹ̀. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi pè padà. Ó ní apá áàpù tó ń ru ọ̀rọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ láti ọjọ́ tí áàpù ti dé kò mọ lẹ́tà tó bá lámì. Bó bá bá a pàdé, á da ẹrù sómi, á sì padà wá sọ fún onílé pé òun ti jíṣẹ́. Òun ni wọ́n tún sọ di olùtọ́jú orúkọ lọ́jọ́ Ajé. Òun kan náà ló yẹ kó fẹjọ́ sùn bí nǹkan bá bàjẹ́, báwo ni yóò ṣe fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn? Orúkọ àwọn ọmọ ṣì wà nísàlẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó tẹ séèfù lé e. Nọ́ńbà káàdì àjẹsára àwọn mẹ́tàlélógún ni òun ń fẹ́ báyìí, nọ́ńbà nìkan, kì í ṣe orúkọ, kí òun lè parí rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Moríkẹ́ nìkan ló mọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn lórí. Ṣùgbọ́n ohun tó bá fi orúkọ Moríkẹ́ lọ, inú omi ló ń lọ.

"Ọma mi," ni Métírọ́ọ̀nù wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "ẹni tó jí rípọ́ọ̀tù kò lè jókòó sórí àga yẹn. O mọ̀."

"Mo mọ̀, mà."

Rhoda ti ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, ó gbé e fún un. "Mo rò pé ẹ kì í fi ránṣẹ́ ni, Àǹtí," ló wí jẹ́ẹ́. "Ẹ ò bá ti bi mí."

Èsì kíkan mẹ́ta wá sí Moríkẹ́ lẹ́nu, ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì. Ó jókòó sórí pákó, ó tẹ nọ́ńbà mẹ́tàlélógún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì wo ìwé. Nígbà tó parí, ẹ̀rọ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan tó máa ń bi gbogbo èèyàn: "Rhoda, ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Moríkẹ́ tún orúkọ náà kà. Lẹ́yìn náà ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni."