Ẹni Tí Ìnàkí Nawọ́ Sí

Ìnàkí náà nawọ́. Ó nà án tààrà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó wá gba ohun tí wọ́n ti ṣèlérí fún un. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ sí wọn. Kíá, Bàbá Atọ́nà gba iwájú Akọ̀wé, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ dí kámẹ́rà ọwọ́ ọmọbìnrin náà. Ìnàkí yí padà, ó wọgbó.

"Bàbá, ẹ tún ti dí mi lójú."

"Má bínú, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ló yọ̀."

Ẹsẹ̀ ló yọ̀! Ẹsẹ̀ tó ti ń rin igbó yìí láti ọdún méjìlélógún, tí kì í ṣèèṣì ṣẹ́ igi gbígbẹ, ìgbà tí ìnàkí bá nawọ́ nìkan ló máa ń yọ̀. Akọ̀wé wo àpò ṣòkòtò bàbá tó wú rondo, ó họ apá rẹ̀ níbi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́, ó sì kọ aago tó lù sílẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ gbogbo ohun tí àwọn ìnàkí bá fi ọwọ́ àti ara sọ fún ara wọn. Àyè mẹ́ta ló wà nínú ìwé rẹ̀: ẹni tó ṣe é, ẹni tó ṣe é sí, ohun tó tẹ̀lé e. Bí ìyá bá gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè fún ọmọ, "gùn mí lẹ́yìn" ni. Bí ọ̀kan bá họra gbọ̀ọ̀rọ̀, tí èkejì ń gbọ́ ọ ṣàrà-ṣàrà, "wá bá mi ṣa kòkòrò ara" ni. Bó bá nawọ́, ó ń tọrọ nǹkan. Akọ̀wé kì í gbójú fo ohunkóhun. Àwọn ará ibùdó máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ẹ̀fọn bá kú níwájú rẹ̀, yóò kọ aago tó kú.

Oṣù méjì rèé tí abo ìnàkí tó nawọ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Elétí-kan, ti ń sún mọ́ àwọn méjèèjì. Kò dára rárá. Ìnàkí tí kò bá bẹ̀rù èèyàn mọ́, ọwọ́ ọdẹ ló ń lọ. Ọ̀fìnkìn èèyàn lásán sì lè pa gbogbo ọ̀wọ́ rẹ̀ tán. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ iṣẹ́, ti sọ ọ́ gbangba: ẹnì kan ń fún ẹranko yẹn lóúnjẹ, ẹni náà yóò sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí Akọ̀wé mú orúkọ wá kí aago márùn-ún òní tó lù.

Ta ló kù? Àwọn méjì péré ló ń tẹ̀lé Ìyá Elétí-kan. Bẹ́ẹ̀ rèé, ẹ̀gbọ́n ìyá Akọ̀wé ni bàbá yìí. Òun ló mú un wọṣẹ́, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rin igbó láìdún. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Síbẹ̀, kí wọ́n má baà ní ó ń gbè sẹ́yìn ẹbí, ó ti kọ lẹ́tà, orúkọ bàbá ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí ló kù.

Lánàá ló yọ́ lọ so kámẹ́rà kékeré kan mọ́ igi níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, èyí tó ń ya fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá ti mira. Bó ṣe ń di okùn rẹ̀ ló ń sọ sínú pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni. Bàbá rò pé ẹnikẹ́ni ò rí tòun. Ní àárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí ìnàkí wọgbó, ó dúró kí bàbá ṣáájú, ó sì yọ káàdì tí kámẹ́rà náà ń ya àwòrán sí.

Nígbà tí wọ́n dé ibùdó lọ́sàn-án, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ìwé, ó ki káàdì náà bọ inú kọ̀ǹpútà.

Bàbá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí eékún. Akọ̀wé dá àwòrán náà padà, ó tún un wò. Ọwọ́ bàbá kò kúrò lórí eékún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin kan wà tó dojú kọ ìwé, tó ń fi èékánná họ apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, gbọ̀ọ̀rọ̀, ṣàrà-ṣàrà. Ìyá Elétí-kan gbórí sókè lórí igi. Ó wo obìnrin náà, ó sì sọ̀kalẹ̀. Obìnrin náà tún họra. Ìyá Elétí-kan sún mọ́ ọn, ó nawọ́. Kì í ṣe bàbá ló nawọ́ sí.

Ojú ti Akọ̀wé, nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíràn.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti bá bàbá, ó ń fọ bàtà.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń họra pè é."

Bàbá fọ ẹsẹ̀ bàtà kan tán kó tó dáhùn. "Ṣé mi ò ní kó o máa wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn? O ní ooru ń mú ẹ."

"Ẹ ò sọ ìdí ẹ̀."

"Tí mo bá sọ ọ́, wàá kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ yìí? Wàá kọ ọ́! Ọ̀gá á sì lé ẹ lọ. Kí ni mo fẹ́ wí fún ìyá ẹ?" Ó ki ọwọ́ bọ àpò tó wú yẹn, ó yọ agolo ìpara ẹ̀fọn kan. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rà á. Bí mo ṣe máa fún ẹ tí o ò ní bi mí léèrè ni mo ń wá." Ó gbé bàtà kejì. "Orúkọ mi lo kọ, àbí?"

Akọ̀wé gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Èmi ti dàgbà, wọ́n á ní mo ti ń ṣarán."

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tó kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá. Ó ti ya lẹ́tà náà. Ìwé iṣẹ́ ló gbé dání, níbi tó ti kọ "Bàbá" sí àyè kejì, ti ẹni tí ìnàkí nawọ́ sí, ní ìgbà mọ́kànlélógójì.

"Wọlé," ni Ọ̀gá dáhùn.

Kò tíì wọlé. Ó fi ìwé náà ti ògiri, ó ṣí ojú ewé tuntun. Ẹni tó ṣe é: èmi. Ẹni tí mo ṣe é sí: Ìyá Elétí-kan. Apá ń yún un. Kò fọwọ́ kàn án. Ohun tó tẹ̀lé e: ó wá.

Ó fẹ́ pa ìwé náà dé. Ṣùgbọ́n òun kì í gbójú fo ohunkóhun, ló bá kọ èyí kún un: Bàbá gba iwájú mi.