Inúure Salome Nínú Ìwé Sáfà

Kí Malachi, alábòójútó kọ̀ǹpútà, tó lọ sin ìyàwó rẹ̀ ní Ìdèrè, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fi lé Salome, igbákejì rẹ̀, lọ́wọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Èrúwà. Sáfà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó èsì ìdánwò gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sórí díìsìkì méjì inú rẹ̀, a máa kọ ọ̀rọ̀ sójú rẹ̀ bí nǹkan bá ń ṣe é. Kí Salome máa dà á kọ sínú ìwé ni. Malachi ò fẹ́ kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ náà sínú sáfà fúnra rẹ̀. Aláìsàn tó bá mú káàdì ọsibítù rẹ̀ wọ sàréè, ta ni yóò mọ ohun tó pa á?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà, ó ṣí ìwé náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé Salome dára bíi ti ìwé ìpè ìgbéyàwó.

"Ọjọ́ Ajé: Sáfà wà ní àlàáfíà."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Díìsìkì kejì ń sinmi díẹ̀."

"Ọjọ́bọ̀: Ó rẹ díìsìkì kìn-ín-ní náà díẹ̀. Olúwa ń bẹ."

Malachi yíjú sí sáfà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò dárúkọ Olúwa: díìsìkì kejì ti kú láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, èkìn-ín-ní ń kú lọ.

"Salome, ta ló sọ fún ọ pé ó ń sinmi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Ayọ̀kúnmi. A kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà sì ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú."

"O ṣeun. Oṣù mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì fi sọ fún mi pé ara ìyàwó mi ń yá. Mo tilẹ̀ ti ra bàtà tí yóò wọ̀ wálé."

Malachi mú díìsìkì tuntun wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da èsì kọ sórí rẹ̀. Ti ọdún mẹ́rin wọlé. Ó ku ti àwọn tó ń jáde lọ́dún yìí, ni sáfà bá kọ ìlà kan, "Díìsìkì kìn-ín-ní ti kú, èsì ọdún yìí ti sọnù," ó sì kú.

Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì pè é lórí fóònù. "Ẹ kú ìrọ́jú, Malachi. Sáfà ńkọ́?"

"Ó ti kú, sà. Èsì àwọn tó ń jáde lọ́dún yìí bá a lọ."

"Ẹ rọra sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó pé èsì ń bọ̀ láìpẹ́."

Malachi gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti ìwé àti bíírò síwájú Salome. "Kọ ohun tí sáfà kọ, gẹ́lẹ́."

Salome kọ ọ́. Malachi fa ewé náà ya, ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, kí àwọn ọmọ lè tètè wá ìwé ìdánwò wọn, tí wọ́n lè fi tún èsì kọ, lọ sọ́dọ̀ àwọn tíṣà kí ẹnikẹ́ni tó fi dáná.