Ìbò Tí Bàbá Adédìran Kò Dì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kó bọ́ bàtà, kó na ẹsẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn lórí fóònù, kó dá a dúró ná. Ìròyìn ò ní sá lọ, bó bá di àárọ̀ ọ̀la, á tún bí òmíràn. Ọ̀rọ̀ bàbá kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, ọ̀rọ̀ tí ẹnu bàbá náà dà sílẹ̀, tí ẹnu kan náà sì ní láti kó. Mo ṣèlérí pé kò gùn. Àmọ́ ó máa ń rẹ̀ mí tí mo bá rántí rẹ̀, bóyá á rẹ ẹ̀yin náà.

Adédìran ni orúkọ bàbá yìí. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ní abúlé kan lẹ́bàá Ìrágbìjí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣèyífúnmi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Decatur, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ló mú un wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì jọ ń gbé ní Conyers, níbi tí owó ilé ti rọjú díẹ̀. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tó ti dé. Ó ní gíríìnì káàdì, ìwé àṣẹ ìgbélùú, àmọ́ kò tíì di ọmọ ilẹ̀ yìí. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń dà á láàmú: Sẹ̀kínátù. Sẹ̀kínátù ni ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn tí ìyá Ṣèyífúnmi kú. Ṣèyífúnmi ti dàgbà, ó ti kúrò nílé kí àwọn méjèèjì tó fẹ́ra, nítorí náà òfin ò jẹ́ kó kọ̀wé pe obìnrin náà gẹ́gẹ́ bí ìyá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní láti pè é, bó bá sì fẹ́ kó yá, àfi kó kọ́kọ́ di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní gbogbo àárọ̀ tó bá pe Sẹ̀kínátù lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ni yóò bi í.

“Bàbá Ṣèyí, ó kù bí i mélòó?”

“Ó kù díẹ̀.”

Díẹ̀ yẹn ti di ọdún márùn-ún. Irun ti funfun lórí rẹ̀, eékún ti ń dun Sẹ̀kínátù, díẹ̀ ṣì ń jẹ́ díẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ wà ní Decatur. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọkùnrin á fìdí kalẹ̀ sí igun kan nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn, nídìí tábìlì tí Sister Bridget ti máa ń bu kọfí, tó máa ń pín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Igun yẹn ni wọ́n sọ ní Kóòtù Gíga. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ Amẹ́ríkà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú alámì kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní agbẹjọ́rò níbẹ̀, ẹgbẹ́ alámì erin náà ní. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ ní kóòtù tiwọn yìí, bí wọ́n bá pariwo tán, ẹni tí kò ní mọ́tò á wọ mọ́tò ẹni tó bú u, yóò gbé e délé.

Ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù níbẹ̀ ni Adégbóyèga, ọkùnrin àádọ́ta ọdún kan tó ń ti Douglasville wá, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Erin ni tirẹ̀. Bàbá Adédìran ò ní ẹgbẹ́ kan pàtó. Ẹgbẹ́ tí Adégbóyèga kò bá ti sí ni tirẹ̀.

Nígbà tí ìdìbò ààrẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n ò sọ nǹkan mìíràn mọ́, Adégbóyèga gbé òfin kan kalẹ̀ ní Kóòtù Gíga. Ó ní ẹni tí kò bá dìbò, kó mu kọfí rẹ̀, kó dákẹ́.

“Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ,” ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

“Daddy, ẹ má bínú o. Ẹ ti dìbò?”

“Ṣé ìdìbò ló ń la èèyàn lóye ni?”

“Rárá, sà. Òfin kóòtù ni. Sister Bridget, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Daddy ní kọfí sí i.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dé inú. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tí ìjọba fi ṣe olórí ibùdó ìdìbò lẹ́ẹ̀mẹfà nílé, tó ti sùn ti àpótí ìbò rí kí àwọn jàǹdùkú má baà gbé e! Òun ni wọ́n ń fi kọfí dí lẹ́nu báyìí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi dákẹ́. Àgbà tó dákẹ́ lójú agbo, ilé ló ti ń bá ògiri sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ṣèyífúnmi gba ibùdó ìdìbò kọjá bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó sì dìbò tirẹ̀ ṣáájú ọjọ́, nítorí òun ti di ọmọ ilẹ̀ yìí. Nígbà tó délé, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì sórí àga ìdáná, ó wọlé lọ sùn. Sítíkà roboto kan wà ní àyà jákẹ́ẹ̀tì náà, èyí tí wọ́n ya èso píìṣì sí, tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá ti dìbò. Bàbá wò ó títí. Ó fi èékánná ṣí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó èèpo ọsàn. Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, àyà agbádá rẹ̀ ló wà.

“Háà!” ni Adégbóyèga ké. “Daddy! Ẹ ti dìbò?”

“Mo ti dì í.” Bàbá jókòó, ó tẹ́ agbádá sílẹ̀. “Ọmọbìnrin kan ló yẹ orúkọ mi wò nínú ìwé. Ó ní kí n mú àtàǹpàkò òsì wá. Ó fi íǹkì sí i. Mo tẹ ìka mọ́ bébà, mo ká a sí méjì, mo jù ú sínú àpótí lójú gbogbo ayé. Ẹ wò ó, mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni.” Ó sì na àtàǹpàkò náà sókè.

Ife kọfí Adégbóyèga dúró lágbedeméjì tábìlì àti ẹnu rẹ̀. Ó wo ẹni tó wà lọ́tùn-ún, ó wo ẹni tó wà lósì. Ló bá gbé ife sílẹ̀, ó dìde lórí àga tó dára jù níbẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Ẹ wá jókòó síbí.”

John, tó ń ya àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì, ya Bàbá tòun ti sítíkà àti ìka, ó sì fi í sórí Wásáàpù ìjọ: Bàbá wa ti dìbò! Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Bó bá ní “ìgbà tí mo dìbò,” á rántí pé ọmọ tó bá purọ́ nílé-ìwé rẹ̀ láyé àtijọ́, orí ìkúnlẹ̀ ló ń lo ìsinmi rẹ̀.

Ìbò parí, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ kan á ní kí ìjọba dá ọwọ́ dúró, adájọ́ mìíràn á ní kó máa lọ, ti òkè á fagi lé ti ìsàlẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Kóòtù Gíga ń tú u palẹ̀, tí wọ́n ń tún un tò. Ariwo náà kàn di iṣẹ́. Kọfí tutù, ẹnu ò sinmi.

Ìgbà tó di oṣù karùn-ún ni lẹ́tà Bàbá dé. Wọ́n ti fún un lọ́jọ́ tí yóò wá dáhùn ìbéèrè kó tó lè di ọmọ ilẹ̀ yìí. Sẹ̀kínátù sunkún lórí fóònù. Ṣèyífúnmi mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ Evelyn, lọ́yà tí wọ́n jọ wà nínú ìjọ, kó bá a fi ìbéèrè dánra wò. Ó dáhùn ti ààrẹ, ó dáhùn ti ìwé òfin, ó dáhùn iye adájọ́ tó wà ní kóòtù àgbà. Evelyn ń rẹ́rìn-ín.

“Daddy, ẹ ò nílò mi rárá. Ó ku ti fọ́ọ̀mù. Ǹjẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò rí ní Amẹ́ríkà, tàbí kí ẹ ti dìbò rí?”

Bàbá ń tún etí fìlà rẹ̀ ṣe, Evelyn sì tún un béèrè.

Evelyn gbé ojú sókè. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fa fóònù yọ, ó wá àwòrán Wásáàpù náà, ó gbé e síwájú Bàbá. “Ìdí tí mo fi béèrè lẹ́ẹ̀mejì nìyí, sà. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, tó wá dìbò, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Wọ́n lè dá a padà sílé.”

“Daddy?” Ṣèyífúnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíífù òru bọ̀ ni, ojú rẹ̀ ti wú. “Daddy, sítíkà tèmi nìyẹn. Mo wá a tì nígbà yẹn.”

“Mi ò dì í,” ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ kíláàsì kìíní lọ. “Mi ò mọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ pàápàá. Mo kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni.”

Ṣèyífúnmi gbé orí lé tábìlì. Kò sunkún, kò sì bínú. Ó kàn gbé e lé e. Èyí dun Bàbá ju ẹkún lọ.

Evelyn mí kanlẹ̀. “Ìwé ìdìbò á jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ ò sí níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹnì kan bá fi àwòrán yìí ránṣẹ́, tí wọ́n sì ní èèyàn ogún gbọ́ ọ lẹ́nu yín ńkọ́? Mo fẹ́ lẹ́tà láti ọwọ́ ẹnì kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó kọ ọ́ pé ẹ ti jẹ́wọ́ pé irọ́ ni. Ẹ ní láti lọ bá wọn, sà. Fúnra yín.”

Àwọn àgbà ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹlẹ́jọ́ tó dé orí ìkúnlẹ̀ náà ńkọ́? Láti Conyers dé Decatur lọ́jọ́ Sunday yẹn, Bàbá fojú sí fèrèsé mọ́tò. Ó ń wo àwọn ilé ìkẹ́rù tó tò sẹ́bàá títì, ó ń rò ó pé bóyá kí òun má lọ, kí Sẹ̀kínátù máa dúró, kí díẹ̀ máa jẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rántí ohùn ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó sì mọ̀ pé òun á lọ.

Kóòtù Gíga ti gbóná nígbà tó dé. Adégbóyèga ń fi ọwọ́ lu tábìlì.

“Adájọ́ kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni ò dìbò fún, ni yóò dá ààrẹ dúró? Ṣé ohun tẹ́ ẹ ń sọ nìyẹn?”

“Bó bá jẹ́ ààrẹ tìrẹ kọ́, ìwọ lò bá gbé adájọ́ náà jó,” ni ẹnì kan fèsì.

“Daddy, ẹ bá mi dá a lóhùn!”

Bàbá dúró. Kò jókòó sórí àga tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ó mú fìlà kúrò lórí, ariwo sì rọlẹ̀, nítorí wọn ò rí orí rẹ̀ lófo rí.

“Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí i. Òfin yín ni. Mi ò dìbò. Mi ò ní ẹ̀tọ́ láti dì í. Sítíkà ọmọ mi ni mo lẹ̀ mọ́ àyà, mo sì purọ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bínú bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ mo nílò ẹnì kan tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé irọ́ ni mo pa, kí ìjọba má baà dá mi padà sílé.”

Sister Bridget pa ẹ̀rọ kọfí.

“Daddy,” ni Adégbóyèga wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ sì tutù. “A ti mọ̀.”

“Ẹ mọ kí ni?”

“Láti ọjọ́ yẹn náà, sà. Kò sí íǹkì ní Georgia. Ojú ẹ̀rọ la ń fọwọ́ tẹ̀, bébà á jáde, a ó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ mìíràn. Àtàǹpàkò tẹ́ ẹ nà sókè yẹn, ti Ìrágbìjí ni.”

“Gbogbo yín lẹ mọ̀? Kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi?”

“Ta ló máa wo ojú ẹni tó tó bàbá rẹ̀, kó ní irọ́ ló ń pa? Àwa náà la fi kọfí dí yín lẹ́nu. A rò pé bí a bá gbà á fún yín, ó tán.” Ó fa àga sẹ́yìn. “Àṣé nǹkan tá a fi bò yín láṣìírí ló fẹ́ gbé yín lọ. Bridget, ẹ bá mi wá bébà.”

Ibẹ̀ ló ti kọ ọ́. Ó dárúkọ íǹkì, ó dárúkọ àpótí, ó ní ẹni tó bá ti dìbò rí ní Georgia á mọ̀ pé bàbá yìí ò dé ibẹ̀. Àwọn mẹ́rin fọwọ́ sí i: méjì ti erin, méjì ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó tún rí ohun kan tí ohùn wọn á fi ṣọ̀kan.

Lọ́jọ́ tí Bàbá dé iwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkùnrin náà bi í léèrè: ṣé ó ti dìbò rí? Bàbá ní rárá. Evelyn ti kìlọ̀ fún un pé kó dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ irọ́ ti mú un. Ó ní òun purọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ òun pé òun dì í. Evelyn tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Wọ́n gbé lẹ́tà sílẹ̀. Ọkùnrin náà kà á, ó yẹ nǹkan wò nínú ẹ̀rọ rẹ̀ títí, ó tún un kà níbi tí íǹkì wà. Ó fi ọwọ́ bo ẹ̀rín ẹnu rẹ̀. Ó sì lu òǹtẹ̀ sí ìwé Bàbá.

Ní oṣù kẹjọ, Bàbá búra. Bí wọ́n ṣe ń jáde, obìnrin kan ní ẹnu ọ̀nà na fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ fún ìdìbò sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sí méjì, ó fi í sápò. Fọ́ọ̀mù tó kọ́kọ́ kọ nínú mọ́tò, lórí itan rẹ̀, kí wọ́n tó dé Conyers, ti Sẹ̀kínátù ni.

Sunday tó tẹ̀ lé e, Adégbóyèga gbé àga dídára náà síwájú rẹ̀. “Daddy, ẹ ti di ọmọ onílẹ̀. Ẹnu yín ti tú. Ta ló jàre nínú ẹjọ́ ọ̀sẹ̀ yìí?”

Bàbá jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó gba kọfí.

“Ẹ jẹ́ kí Sẹ̀kínátù dé ná,” ló wí.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Sister Bridget ló sọ ọ́ fún mi níbi tó ti ń fọ ife, òun tó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ Kóòtù Gíga láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì bi í rí bóyá òun dìbò.