Aṣọ Funfun Lára Igi Mai

Àwọn àlejò ọdún ń padà jáde láti ọgbà Bàbá Khiêm, wọn ò sì tíì pẹ́ níbẹ̀ rárá. Lành rí wọn láti orí afárá igi: ọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá àgbà kan, aṣọ tuntun lọ́rùn gbogbo wọn, wọ́n ń fọwọ́ ti alùpùpù wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró òun. Ọjọ́ kejì Tết, ọdún tuntun wọn, nìyí. Ọjọ́ tí ayé ń wá wo òdòdó mai nínú ọgbà bàbá rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kì í kúrò níbẹ̀ láìya fọ́tò, láìmu tíì, láìgbọ́ ìtàn igi kan tàbí méjì lẹ́nu bàbá. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lành kí wọn kú ọdún. Ìyá àgbà wo bùláòsì pupa tí Lành wọ̀, ó sì yára gbé ojú kúrò.

Ìyá Năm, aládùúgbò wọn, ló dá a dúró létí odò. Láti ìgbà tí Lành ti dàgbà ni obìnrin yìí ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí yóò máa bi í bóyá inú àpò ló kó ọkọ sí. Lónìí kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì jù ú sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n pè ẹ́ ni, àbí o kàn wá ṣọdún?"

"Mo wá ṣọdún ni, mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún wa." Ó wo apá ibi tí ọgbà wà. "Máa lọ sílé, ọmọ mi. Tó bá ti di ọ̀la kọjá, gbogbo wa á wá."

Ta ni kò mọ ohun tí "ọ̀la kọjá" túmọ̀ sí? Bí ikú bá wọ ilé kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún, àwọn ará ilé náà á gbé ẹkún mì. Wọn ò ní lu ìlù, wọn ò ní pe ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ba ọdún aládùúgbò jẹ́. Ìgbà tí ọjọ́ mẹ́ta bá pé ni wọn á tó kéde.

Láti ìgbà òjò èṣí ni rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ọdún ku dẹ̀dẹ̀, ó bá Lành sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kí ó tètè wá, nítorí nǹkan kan wà tí òun fẹ́ fà lé e lọ́wọ́. Lành mọ̀ pé ọgbà náà ni. Bàbá ti sọ ọ́ rí, ó ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò, Lành sì fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé òun kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rù ọgbà náà ń bà á. Igi tó ju ọjọ́ orí ènìyàn lọ, tí a gbọ́dọ̀ já ewé rẹ̀ ní ọjọ́ tó yẹ gan-an kí ó tó lè tanná lọ́dún, tó sì lè kú sí ènìyàn lọ́wọ́. Ó fi irọ́ dá bàbá lóhùn pé ohùn rẹ̀ ń já lórí fóònù, òun ò gbọ́ ohun tó ń wí. Kò sì rí àyè nínú bọ́ọ̀sì, láti ìlú tó ti ń rán bàtà nílé iṣẹ́, títí di àná.

Ó dé ẹnu géètì, ó sì rí i.

Aṣọ funfun wà lára igi mai àkọ́kọ́. Ó wà lára ìkejì. Ó wà lára àwọn igi ọsàn wẹ́wẹ́, ó wà lọ́rùn igi kúkúrú tí bàbá fi àlùmọ́gàjí gé kó rí bí àgbọ̀nrín. Òdòdó mai ti tanná yẹ́lò yẹ́lò lórí gbogbo ẹ̀ka, aṣọ funfun ọ̀fọ̀ sì so mọ́ ìdí wọn.

Bí ẹni tó ni igi bá kú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ gbá igi kọ̀ọ̀kan lára, kí ó sọ fún un pé olówó rẹ̀ ti lọ, kí ó sì so aṣọ ọ̀fọ̀ mọ́ ọn. Igi tí a kò bá sọ fún yóò tẹ̀lé olówó rẹ̀ ni. Nígbà tí bàbá àgbà kú, Lành ló gbé agbọ̀n aṣọ tẹ̀lé bàbá rẹ̀ káàkiri. Igi gúáfà kan tí wọ́n gbàgbé lẹ́yìn ilé ìdáná gbẹ kí òjò tó dé.

Ó mú fóònù, ó pe ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tó ń dún nínú ilé, níwájú rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé. Ó dún títí ó fi dákẹ́, kò sẹ́ni tó gbé e. Lành wọ ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú lé bùláòsì pupa rẹ̀, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, nítorí èèwọ̀ ni kí ọmọ wọ pupa wá síwájú òkú bàbá rẹ̀. Kò lè wọ ilé. Bó bá wọlé, tó sì bá ibùsùn òkú láàárín pálọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níta, bàbá rẹ̀ kò tíì kú.

Ó wá ń rìn láàárín àwọn igi bí àlejò. Bí ó ti ń súnmọ́ wọn ni ó rí i pé aṣọ náà kò rí bí aṣọ ọ̀fọ̀ gidi. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fà ya. Kókó rẹ̀ dẹ̀, òmíràn kò tilẹ̀ di kókó, wọ́n kàn lọ́ ọ bọ ara wọn ni. Itọ́ ṣì tutù lára ọ̀kan. Ó rò ó pé bóyá ìbànújẹ́ ti da orí ìyá òun rú, ẹ̀rù mìíràn sì tún gun orí ti àkọ́kọ́.

Nígbà náà ni ó gbọ́ ìró aṣọ tó ń ya, lẹ́yìn igi àgbọ̀nrín.

Bàbá Khiêm jókòó lórí àpótí ike. Ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ síńgílẹ́ẹ̀tì kan mọ́lẹ̀, ó fi eyín di etí rẹ̀ mú, ó ń fi ọwọ́ òsì fà á. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, kò ṣe nǹkan kan. Ó gbé ojú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀, ó yọ aṣọ kúrò lẹ́nu.

"Àbíkẹ́yìn. O ò sọ pé o ti kúrò lọ́hùn-ún."

Lành jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé, bàbá sì ń wò ó, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tó rí ohùn, ìbínú ló bá jáde.

"Ta ló kú, bàbá?"

"Kò tíì sẹ́ni."

Ó ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀, nítorí ahọ́n rẹ̀ náà ti wúwo. Láti ìdájí ló ti ń so ó. Ìyá Lành jí, ó rí i, ó bú u, ó ní ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ pe ikú wálé lọ́jọ́ ọdún. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó tú ẹyọ kan, nítorí a kì í tú aṣọ ọ̀fọ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ó bá gbé tùràrí, ó sáré lọ sí tẹ́ḿpìlì láìmú fóònù. Bàbá ní bóyá ó ti ń bá wọn nájà lọ́hùn-ún báyìí kí wọ́n lè fi ọjọ́ díẹ̀ kún tòun. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló gbà fún un.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ṣe é?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ò mọ igi mai yàtọ̀ sí igi ìdáná. Ìyá ẹ, ẹkún ló máa jókòó tì. Ta ló máa rántí wọn? Mo ní kí n kúkú sọ fún wọn fúnra mi, kó má bá wọn lójijì."

Ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n, ó dárúkọ ìyá. Kò dárúkọ Lành. Kò fi bú u, kò sì wojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ fóònù ọjọ́sí ti yanjú láàárín wọn. Ìyẹn dun Lành ju èébú lọ.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti odò. Aṣọ tó wà lára igi mai tó dàgbà jù, èyí tí bàbá àgbà gbìn, tú, ó sì bọ́ sílẹ̀. Bàbá gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde. Ó nawọ́ òsì sí i.

"Bá mi dè é. Mú un le."

Lành gbé aṣọ náà. Ọmọ wo ló ń so aṣọ ọ̀fọ̀ fún bàbá tó ń wò ó? Bí bàbá bá kú lóṣù yìí, ọwọ́ òun ló so ó.

"Ẹ̀rù ń bà mí, bàbá."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Láti ọjọ́ tí Lành ti dáyé, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu bàbá. Ó kúnlẹ̀ sídìí igi, ó yí aṣọ náà ká a. Ó dè é, ó tún un dè, ó sì fà á le. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ó yẹ kí ènìyàn bá igi náà sọ̀rọ̀.

"Mi ò lè sọ fún un pé ẹ ti kú."

"Má sọ tèmi, mo ti sọ ọ́. Sọ orúkọ ẹ fún un, kó mọ ẹni tó kàn."

Lành gbá igi náà lára, ó ní Lành lorúkọ òun. Bàbá di ojú, ó mi orí pé ó dára. Ẹ̀rù kò kúrò lọ́kàn Lành, ó ṣì wà níbẹ̀ gbọn-in. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù, ó lọ sídìí igi kejì. Kókó ti ìyẹn kò tú rárá, kò sì sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé e lára, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un.